Ẹ Bi Wá, Ẹ Ó Gbọ́: Ọmọ Tó Pa Ilé Ìwé Jẹ Nítorí Ọ̀fọ̀ àti Orò Ìdílé ní Ọsirélíà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí dá lé ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọmọ tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Aboriginal, tí ìdílé rẹ̀ mú un kúrò ní ilé ìwé fún ọjọ́ mélòó kan nítorí òkú, nítorí orò, tàbí nítorí ayẹyẹ àwọn baba ńlá rẹ̀. Mo yan márùn-ún nínú wọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí rẹ́jísítà ní ọ́fíìsì ilé ìwé kan ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ New South Wales, nítorí náà ohun tí mo fojú rí yóò máa wọnú ohun tí òfin wí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Yorùbá ni mí, ọmọ Wiradjuri, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Aboriginal, ni ọkọ mi, Dubbo ni a sì ń gbé. Lóṣù tó kọjá, àbúrò ìyá ọkọ mi jáde láyé ní Brewarrina. Ọjọ́ ilé ìwé mẹ́jọ ni ọmọ wa ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, fi wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Nígbà tí a padà dé, a bá lẹ́tà nílé pé ó pa ilé ìwé jẹ láìnídìí. Ọkọ mi kà á, kò sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ní kí n tọ́jú lẹ́tà náà síbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o. Ṣé lóòótọ́ ni a rú òfin? — *Ìyá Tolú, Dubbo*

Èsì: Ìyá Tolú, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run yóò dáwọ́ ibi dúró.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ẹ mú ọmọ lọ sin òkú. Ohun kan ló kù tí ẹ kò ṣe, òun ló sì bí lẹ́tà yẹn. Òfin ẹ̀kọ́ New South Wales, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990, pa á láṣẹ pé ọmọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ láti ọmọ ọdún 6 títí di 17, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn kíláàsì kẹwàá, iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè rọ́pò ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ìlànà ìpínlẹ̀ náà gbà pé ìdí tó yè kooro lè mú kí ọmọ má wá. Àìsàn wà lára rẹ̀, ayẹyẹ ẹ̀sìn wà lára rẹ̀, ọ̀ràn ìdílé tó le tàbí tó jẹ́ kánjúkánjú náà wà níbẹ̀, ìsìnkú sì ni àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń fún un. Ọ̀gá ilé ìwé ló ní àṣẹ láti gba ìdí náà tàbí láti kọ̀ ọ́, kò sì lè gba ohun tí kò gbọ́. Láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ kò wá ni òbí gbọ́dọ̀ ti ṣàlàyé, yálà lórí fóònù, nínú àtẹ̀jíṣẹ́, nínú ímeèlì, tàbí nínú ìwé pélébé tí ọmọ fúnra rẹ̀ mú wá. Ibi tí ẹ ti jìn sí ẹ̀tọ́ yín nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀ kì í rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń rí nídìí kọ̀ǹpútà. Bí olùkọ́ bá pe orúkọ, tí ọmọ kò sí níbẹ̀, tí àlàyé kò sì dé, lẹ́tà A ni yóò wà níwájú orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí àlàyé, tàbí pé àlàyé tó wá kò tẹ́ ọ̀gá ilé ìwé lọ́rùn. Bí ọ̀gá bá gba àlàyé náà, A á di L, ìyẹn ìyọ̀ǹda. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó ní A mọ́kànlá tò tẹ̀léra. Mo ti tẹ lẹ́tà ìkìlọ̀ jáde, ó wà lórí tábìlì níwájú mi, nígbà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yọ sí ojú fèrèsé ọ́fíìsì pẹ̀lú orúnkún tó bó. Bí mo ṣe ń lẹ bándéèjì mọ́ ọn, ó sọ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá àgbà òun ni. Mo pe ìdílé rẹ̀, ọ̀gá wa fọwọ́ sí i, kí agogo ìsinmi ọ̀sán sì tó lù, A mọ́kànlá ti di L mọ́kànlá. Ọmọ náà kò yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ́ láàárọ̀. Àwa ni a kò béèrè.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ìbátan. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé àǹtí bàbá ọmọ ló kú, akọ̀wé tí kò mọ àṣà yín lè rò pé mọ̀lẹ́bí ọ̀nà jíjìn ni, tí ọjọ́ kan ṣoṣo tó fún ìsìnkú rẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé wa pé àbúrò ìyá ẹni, ìyá ẹni ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Aboriginal: ọmọ ìyá ìyá ẹni lóbìnrin, ìyá ni, ọmọ ìyá bàbá ẹni lọ́kùnrin, bàbá ni. Ìyá ni obìnrin yẹn jẹ́ sí ọkọ yín, ìyá àgbà ló sì jẹ́ sí Tolú. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé Sorry Business ni, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pe ètò ọ̀fọ̀ nìyẹn láàárín wọn káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àwọn ilé ìwé sì mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú sínú ilẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Ìpéjọ ẹbí wà nínú rẹ̀, dídúró de àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wà nínú rẹ̀, jíjókòó ti àwọn tó kù sílẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Mo tún ní láti sọ ohun kan tí àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́. L kò sọ ọmọ di ẹni tó wá. Ó mú ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn yín, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, ọjọ́ tí ọmọ kò sí níbẹ̀ ni síbẹ̀. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni òdiwọ̀n tí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ń wò káàkiri Ọsirélíà. Sáà ọlọ́sẹ̀ mẹ́wàá jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 50. Bí a bá yọ 8 kúrò nínú rẹ̀, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù, ọmọ yín sì ti já wálẹ̀ kọjá òdiwọ̀n fún sáà yẹn bí kò tilẹ̀ pa ọjọ́ mìíràn jẹ. Bí ẹ bá sì wo ọdún tó ní sáà mẹ́rin, ìdá 96 ni. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ ní kí wọ́n wo ọdún.

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀gá ilé ìwé lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ 7 ti kọjá. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ lọ, ọjọ́ tí ẹ dé, ẹni tó kú àti ohun tó jẹ́ sí ọmọ, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó yí A padà sí L. Ẹ bèèrè iṣẹ́ tí ọmọ náà pàdánù. Bí ilé ìwé náà bá ní òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Aboriginal, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, torí ó máa ń jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí yóò gbà yín ní ìwé mẹ́ta, gbólóhùn kan ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀ jálẹ̀, àjọ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn Aboriginal ní New South Wales, tí wọ́n ń pè ní AECG, ti wà láti ọdún 1977, ó sì ní ẹ̀ka káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Ẹ lọ bá ẹ̀ka tó sún mọ́ yín.

Ẹ má sì bínú sí ìyá ọkọ yín pé ó ní kí ẹ fi lẹ́tà pamọ́. Àbúrò rẹ̀ ló sin, ó tún wá dé ilé bá ìwé ìjọba lórí ọmọ. Ní New South Wales, òfin ọdún 1909 ló fi ìgbésí ayé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan. Ní 1915, wọ́n tún un ṣe débi pé ìgbìmọ̀ náà lè gba ọmọ lọ́wọ́ òbí láìdé iwájú adájọ́ rárá. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 1997 fojú bù ú pé, láti nǹkan bí 1910 sí 1970, ó tó ọmọ kan nínú mẹ́wàá, ó sì lè tó ọmọ kan nínú mẹ́ta, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìdílé wọn káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó dàgbà sínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ka lẹ́tà ilé ìwé bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń kà á. Ẹ mú un dání lọ rí ọ̀gá ilé ìwé, bó bá gbà. Ó dára kí wọ́n rí i.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní ìtòsí Katherine, ní Northern Territory, ọdún àkọ́kọ́ mi sì nìyí. Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì mi, ọmọ ọdún 12, ti lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó lọ fún “business”, wọ́n sì yíjú kúrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ̀wẹ̀, mo pe orúkọ ọmọbìnrin kan nínú rẹ́jísítà, gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, ọmọ náà sì sorí kọ́. Kí ni mo ṣe? Ẹ̀rí wo ni mo lè bèèrè? — *Olùkọ́bìnrin*

Èsì: Olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n ti orí ìbéèrè kejì bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ọmọbìnrin yẹn ti kú. Ní ọ̀pọ̀ àwùjọ níbẹ̀, wọn kì í pe orúkọ òkú fún ìgbà kan, wọn kì í sì fi àwòrán rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn láàárín àwọn alààyè, orúkọ mìíràn ni wọn yóò máa pè é. Ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, Kumanjayi ni orúkọ ìrọ́pò tí ẹ ó gbọ́ jù. Orúkọ tí ẹ ń kà láràárọ̀, láìmọ̀, ti di ohun tó ń gún àwọn ọmọ yẹn lọ́kàn. Ẹ lọ bá olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ àdúgbò, kí ẹ bi í ní ìdákọ́ńkọ́ orúkọ tí ẹ ó máa pe ọmọ náà àti ìgbà tí yóò parí. Ìwé ìjọba lè máa jẹ́ orúkọ àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu yín kò gbọ́dọ̀ pè é.

Ní ti ọmọkùnrin náà, ohun tí wọ́n ń pè ní “business” níbẹ̀ ni orò. Ti ọkùnrin wà, ti obìnrin wà, ọ̀kan kì í sì í yọjú sí èkejì. Ọmọ ọdún 12 wà ní ọjọ́ orí tí wọ́n lè mú ọmọkùnrin wọ inú orò tí wọn yóò fi sọ ọ́ di ọkùnrin. Ẹni tó bá ti dàgbà ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé a kì í bi ẹni tó ti igbó orò dé ní ohun tó rí, àgàgà bí ẹni tó ń béèrè bá jẹ́ obìnrin. Ìwọ̀n yẹn náà ni kí ẹ lò. Ẹ lè béèrè ìgbà tó lọ, ìgbà tí wọ́n retí rẹ̀ padà, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀, àti àgbàlagbà tí ilé ìwé lè máa bá sọ̀rọ̀. Àlàyé àgbàlagbà ìdílé náà ni kí ẹ gbé fún ọ̀gá ilé ìwé, kí ó lè wọ inú ìwé pé ọ̀ràn àṣà ni. Ohun tí wọ́n ṣe, ibi tí wọ́n ti ṣe é àti orin tí wọ́n kọ kò kàn yín, kò kan ọ̀gá ilé ìwé, kò sì kan ìjọba. Bí ẹ bá ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí wá, ẹ ń bèèrè ohun tí kò sí ẹni tó lè kọ ọ́ láìtú àṣírí.

Ohun tó ká mi lára jù ni ọjọ́ tí ọmọ náà yóò padà. Ó lè padà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àwùjọ rẹ̀ ti kà mọ́ ọkùnrin. Bí ẹ bá bá a wí lójú gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ti ṣòfò, ìtìjú tí yóò bá a lè má jẹ́ kí ó tún wá mọ́. Ẹ kí i káàbọ̀, ẹ gbé iṣẹ́ fún un, kí ẹ sì pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀rọ̀ bá wà. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà òjò, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ẹ rántí pé omi a máa gé ọ̀nà ní ìhà àríwá yẹn. Orò lè ti parí, kí ọkọ̀ má sì rí ibi gbà.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ ohun tí àwọn òbí ibẹ̀ ti fojú rí. Láti 2009 sí 2017, ìjọba àpapọ̀ ní ètò kan ní Northern Territory tó lè dá owó ìrànwọ́ òbí dúró bí ọmọ rẹ̀ kò bá wá sí ilé ìwé dáadáa. Ní 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn tó ń gba àwọn ará àdúgbò síṣẹ́ láti máa mú àwọn ọmọ wá. Ọdún 2014 yẹn náà ni ìjọba ṣèlérí pé láàárín ọdún márùn-ún, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye ọjọ́ tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ń wá sí ilé ìwé àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yóò dópin. Nígbà tó di 2018, ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì wà ní nǹkan bí ìdá 93, ìyàtọ̀ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Nínú àdéhùn tuntun tí wọ́n ṣe ní 2020 pẹ̀lú àwọn àjọ ọmọ ìbílẹ̀ fúnra wọn, wọn kò fi iye ọjọ́ wíwá ṣe òdiwọ̀n mọ́. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ ti parí kíláàsì kejìlá tàbí ohun tó bá a dọ́gba títí 2031. Lójú tèmi, ìyẹn sàn, torí ọmọ tó wọ orò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè parí kíláàsì kejìlá, bí ẹnikẹ́ni kò bá lé e jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìbéèrè: Ṣé ọmọ tó lọ síbi ayẹyẹ NAIDOC, ìyẹn ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún àṣà àwọn ọmọ ìbílẹ̀, tàbí àjọ̀dún Barunga pa ilé ìwé jẹ? — *Bàbá Kẹ́hìndé, Darwin*

Èsì: Ó kù sí ẹni tó mú un lọ. Barunga, tó wà ní nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà sí Katherine, ń ṣe àjọ̀dún tirẹ̀ lóṣù kẹfà láti ọdún 1985. Bí olùkọ́ bá kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ẹnu ẹ̀kọ́ ni wọ́n wà, bó tilẹ̀ jẹ́ orí pápá ni wọ́n jókòó sí. Ní New South Wales, lẹ́tà B ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà nínú rẹ́jísítà, kì í sì í bù kúrò nínú iye ọjọ́ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ ìdílé ló mú un lọ, ẹ sọ fún ilé ìwé ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ NAIDOC ní tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù keje. Ìsinmi sì sábà máa ń bọ́ sí i ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé fi ń ṣe ayẹyẹ tiwọn ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè: Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ṣé ojúsàájú kọ́ nìyí? Bí ọmọ tèmi bá pa ilé ìwé jẹ ọ̀sẹ̀ kan nítorí ayẹyẹ ìdílé wa, ta ni yóò gbọ́? — *Ọ̀gbẹ́ni A., Melbourne*

Èsì: Wọn yóò gbọ́, Ọ̀gbẹ́ni A., bí ẹ bá sọ fún wọn ṣáájú. Ní Victoria tí ẹ ń gbé, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2006 gbà pé ìdí tó tọ́ lè mú kí ọmọ má wá, ìlànà tó sì tẹ̀lé e ka ayẹyẹ àṣà mọ́ irú ìdí bẹ́ẹ̀, bí òbí bá ti fi tó ilé ìwé létí kí ọjọ́ náà tó pé. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti àwọn kan nìkan ni. Ìlẹ̀kùn yẹn ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀yin náà.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Victoria, èyí tí òun náà jẹ́ ti ọdún 2006, gbà fún gbogbo èèyàn láti máa ṣe àṣà wọn, lẹ́yìn náà ó ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Aboriginal, pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti di èdè wọn, ìbátan wọn àti àjọṣe wọn pẹ̀lú ilẹ̀ mú. Èmi àti ẹ̀yin mú àṣà tiwa wá nínú báàgì, ó sì ṣì wà ní odindi níbi tí a ti wá. Tiwọn kò ní ibòmíràn láyé. Ilé ìwé gan-an sì wà lára ohun tí wọ́n fi jẹ wọ́n níyà: ní New South Wales, láti 1902, bí òbí òyìnbó bá ti fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n lè lé ọmọ Aboriginal kúrò ní ilé ìwé ìjọba, agbára yẹn sì wà nínú ìwé ìlànà títí di 1972. Àwọn tí wọ́n lé nígbà náà ṣì wà láàyè. Àwọn ni ìyá àgbà àti bàbá àgbà tó ń kọ̀wé lónìí pé kí ilé ìwé jọ̀wọ́ yọ̀ǹda ọmọ ọmọ wọn fún ọjọ́ márùn-ún.

Ìbéèrè: Ìyá ilé ni mí ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Townsville. Ọmọbìnrin kan láti Cape York, ní òpin àríwá Queensland, gbọ́ ní àná pé ìyá àgbà òun ti kú. Kò sí owó ọkọ̀ òfuurufú, ó sì ń bẹ̀rù pé wọn yóò lé òun bí òun bá pẹ́. Kí ni mo lè ṣe kíákíá? — *Ìyá Ilé*

Èsì: Ìyá Ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ìsìnkú kì í lé ọmọ kúrò ní ilé ìwé. Ní Queensland, ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ ni ọjọ́ mẹ́wàá: bí ó bá máa ju ọjọ́ ilé ìwé 10 léra léra lọ, òbí rẹ̀ ní láti bèèrè ìyọ̀ǹda tó lágbára jù lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ìsìnkú ní Cape York lè pẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí òbí rẹ̀ bèèrè rẹ̀ nísinsìnyí, dípò kí ó di ọjọ́ kọkànlá. Ní ti owó, bí ó bá wà lórí ABSTUDY, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìbílẹ̀, apá kan wà nínú rẹ̀ fún owó ọkọ̀, ó sì lè kan ìrìn àjò nítorí ikú nínú ìdílé. Ẹ pe Services Australia, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó náà, kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ní orúkọ ọmọ náà àti ọjọ́ ìsìnkú lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń pè, kí ẹ sì jókòó tì í títí wọn yóò fi gbé e.